Ìpè Orí Òkè Sóbì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àyà mi ṣì ń súfèé bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, itan sì ń ro mí débi pé mo ní láti di tábìlì mú kí n tó lè jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù, mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo gun Òkè Sóbì lánàá, èmi ọmọ yín tí ẹ̀rù máa ń bà láti sọdá títì.

Ẹ̀rù títì náà tiẹ̀ ti le sí i. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ìjọba yí ọwọ́ tí mọ́tò ń gbà padà, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà báyìí. Bí mo bá dé Táíwò Road, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì, màá tún wo ọ̀tún, bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ gbé. Nígbà tí àwa olùkọ́ iléèwé wa wá ń kó ara wa jọ láti lọ gun òkè ní Sátidé, ká lọ láàárọ̀ ká bọ̀ nírọ̀lẹ́, mi ò mọ ohun tó sún mi tí mo fi nawọ́ sókè.

Irọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí èémí ti há mọ́ yín láyà tí kò sì padà mọ́, Ìyá kì í jẹ́ kí n gbàgbé pé àyà yín ni mo jogún. Bí ọyẹ́ bá ti mú, òrí ni wọ́n fi ń pa mí láyà bí ọmọ ọwọ́. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ti dìde. Mo fẹ́ mọ̀, Bàbá. Ṣé ohun tó mú yín lọ ló ń bẹ nínú mi? Ta ni mo fẹ́ bi? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì já wa sí ẹsẹ̀ òkè. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń dúró láàárín ebè, ẹ ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ẹ ó fọwọ́ ti ìbàdí, ẹ ó wo ọ̀kánkán, ẹ ó ní Sóbì ti wé láwàní. Ó wé láwàní lánàá náà, mi ò rí orí rẹ̀ rárá. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, olùkọ́ jọ́gíráfì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í rìn jẹ́ẹ́, ló ṣíwájú. Sàfúrátù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Gàmbàrí, ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣàròyé.

"Wàláhì, ẹni tó fi bùrẹ́dì gbígbóná sílẹ̀ nílé wá gun òkúta, ó yẹ ká gbé e lọ wò ni."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba èémí lọ́wọ́ mi. A ò tíì rìn dé ìdajì tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ojú tì mí. Mo ní kí Sàfúrátù máa lọ, pé òkúta ló wọ bàtà mi. Nígbà tí ó ti pòórá sínú kùrukùru, mo fẹ̀yìn ti àpáta ńlá kan, mo ń wá èémí. Àyà mi ń súfèé. Mo rántí bí tiyín ṣe ń dún lórí ẹní lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ìró kan náà ni.

Bí mo ti wà níbẹ̀, ohùn kan pe orúkọ mi láti òkè wá, ó sì fi tiyín kún un.

Ẹ mọ̀ pé mi ò dáhùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá gbé oúnjẹ wá fún yín lóko, màá dúró lẹ́nu ààlà, màá pè yín títí ọ̀fun mi yóò fi gbẹ. Ẹ kò jẹ́ dáhùn láé. Ẹ ó kàn rọra yọ sí mi lẹ́yìn pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀, màá sì fò sókè. Inú máa ń bí mi! A kì í jẹ́ ìpè tí a kò rí ojú ẹni tó ń pè, ohun tí ẹ máa ń wí nìyẹn, ẹ ó sì gba igbá wàrà lórí mi.

Ohùn náà tún dé. Ó jọ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, ṣùgbọ́n àpáta ń gbà á, ó ń dá a padà láti ibi tí èèyàn kò sí, títí ó fi dà bí ẹni pé òkè fúnra rẹ̀ ló ń pè mí. Ọkàn kan ní bí mi ò bá dáhùn, wọn yóò lọ, màá kú síbẹ̀. Ọkàn kejì ní bí mo bá dáhùn, nǹkan mìíràn ni yóò gbọ́. Mo di ẹnu mi mú. Òógùn tútù bò mí nínú ọyẹ́. Ẹ̀rù yẹn, Bàbá, mi ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ló kọ́kọ́ já sí mi, orúnkún rẹ̀ ti bó, Sàfúrátù sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò dáhùn? A ti rò pé o ti já bọ́!"

"Mo gbọ́. Mi ò rí ojú yín ni."

Ó wò mí, ó wo òkè, ó tún wò mí. "Iwin wo ni yóò máa pe èèyàn pẹ̀lú sọ́nẹ́ẹ̀mù, orúkọ bàbá rẹ̀?"

Sàfúrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí. "Ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀gá. Nílé tiwa náà, a kì í jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀." Ó gbọ́ fèrè inú àyà mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "A ó jọ máa lọ. Bó bá ti há, ká dúró, ká máa wo ọ̀kánkán bí ẹni tó rí nǹkan. Ta ni yóò mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Bàbá, gbogbo ìgbà tí ẹ máa ń dúró láàárín ebè, ṣé láwàní Sóbì lẹ ń wò, àbí èémí lẹ ń wá? Àwa náà á dúró tì yín, gbogbo wa á máa wo òkè. Kò sí ẹni tó wò yín.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ, à ń rìn, à ń dúró, à ń wo ohun tí kò sí. Àwa la dé kẹ́yìn. Àyà yín ni mo jogún, mi ò jiyàn mọ́, ọyẹ́ àwọn ọdún tó ń bọ̀ sì ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ó gbé mi dókè. Oòrùn ti lé kùrukùru lọ, mo rí àwọn òrùlé páànù Ìlọrin tó ti dípẹtà, mo rí Odò Àsà. Mo wá oko yín títí, mi ò dá a mọ̀.

Àwọn yòókù ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn kí àpáta lè dá a padà. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo pè yín. Mo fi gbogbo èémí tó kù mí kù pè yín, ohùn ara mi ló padà wá bá mi.

Mi ò bínú pé ẹ kò dáhùn. Ìgbà wo lẹ dáhùn rí? Mo kẹ̀yìn sí ọ̀nà bí mo ti máa ń ṣe lẹ́nu ààlà oko, kí ẹ lè rí ibi yọ sí mi, mo sì dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Sàfúrátù wá fọwọ́ kàn mí léjìká pé a ti fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀, mo sì fò sókè.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi èémí yín mí.