Ọ̀nà Kì Í Fọ́ Táìsì ní Mẹ́rin-Mẹ́rin

Ohun tí mo ná láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí títí di òní:
Ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mejì: 310,000.
Táyà mẹ́fà fún tírélà kejì: 540,000.
Páálí táìsì mọ́kàndínláàádọ́fà tí mo fi san gbèsè olè tí n kò jà: 436,000.
Lọ́yà, fún ìwé ìhágún yìí: 95,000. Táyà kan, 90,000 ni, táyà a sì máa ru ẹrù.
Àpapọ̀: 1,381,000. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ku 1,119,000.

Èmi tí gbogbo gáréèjì mọ̀ sí Kò-Gbọdọ̀-Dín, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó sìmẹ́ǹtì, ọ̀pá irin, páànù àti táìsì láti ìlú dé ìlú, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé. Ẹni tó bá sọ pé àìsàn ti gba làákàyè mi, kí ó tún ìṣirò òkè yìí ṣe. Bí ó bá rí ibi tó ti dín, kí ó fa ìwé náà ya.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń wa tírélà kejì, àti lọ́yà tí mo ti sanwó fún, ni mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ.

1. Ilé tí a ń gbé, ti ìyá àwọn ọmọ mi ni. Kí ẹnikẹ́ni má bá a dá sí i.

Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ilé náà, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi bẹ̀ mí pé kí n lẹ táìsì sí yàrá òun nìkan, mo sì ń sọ pé owó dísù ṣáájú. Ó máa ń pè mí ní ọba táìsì tí ń gbá ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, a ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń ti ọmọlanke kiri pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, òun ló ń ti ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n ra páálí mẹ́rìnlá fún yàrá rẹ̀, 56,000, kí wọ́n sì san 20,000 fún ẹni tí yóò lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n gba rìsíìtì. Kí wọ́n fi rìsíìtì náà hàn án, kí ó lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ láìsí ìríra.

2. Tírélà méjèèjì àti orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn wọn, ti ọmọ mi obìnrin ni.

Mọ̀lẹ́bí wá bá mi lórí ibùsùn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n fi ọ̀kan fún àbúrò mi ọkùnrin, pé ọmọ ìyá ni wá, pé ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì tí wọ́n ń fà lé mi yìí, inú páálí oníbàárà ló wà. Wọ́n ní kí n fojú fo ọ̀rọ̀ táìsì. Mo ní kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n mú wá kí mi padà, nítorí n kò mọ ẹni tó ni ín.

3. Ilẹ̀ àti ilé tí àbúrò mi ń gbé, orúkọ mi ló wà nínú ìwé rẹ̀. Owó mi ló mọ ògiri, owó mi ló kan páànù. Mo fi í fún ọmọ mi obìnrin. Bí àbúrò mi bá fẹ́ máa gbé ibẹ̀, kí ó máa sanwó ilé bí ayálégbé. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò san, kí ó kó jáde.

Kí ẹni tó bá ní mo le jù kà síwájú. Àbúrò mi yìí ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ awakọ̀ fún mi ní ilé ìkẹ́rùsí lọ́hùn-ún, kí oníbàárà tó wá gbé e. Àdéhùn táìsì rọrùn: bí páálí mẹ́rin bá fọ́ ní ìrìn-àjò kan, oníbàárà á gbà á mọ́ra, bí ó bá di márùn-ún, awakọ̀ ni yóò san án. Ẹjọ́ mẹ́rin kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Ní oṣù kìíní, mo lọ kí i. Inú ń lọ́ mi, mo bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó, mo gbójú sókè. Táìsì aláwọ̀ òfurufú tí mo kó fún oníbúrẹ́dì rèé. Onílà bí igi tí mo kó fún oníṣègùn eyín rèé. Àwọ̀ mọ́kànlá ni mo kà lórí ògiri, mo sì mọ olówó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń ṣe gáà sórí ẹrù àwọn ènìyàn tó fọkàn tán mi.

Mo pè é. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àfọ́ ni. Àfọ́ ò lólówó.” Mo fi èékánná kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó sán. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì rán mi létí pé n kò tíì da omi.

Mo lọ bi àwọn oníbàárà. Ìrìn-àjò mọ́kàndínláàádọ́ta: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Lójò mẹ́rin, lẹ́ẹ̀rùn mẹ́rin. Ọjọ́ tí táyà bẹ́, mẹ́rin. Ọ̀nà tó kún fún kòtò kò lọ sílé ìwé, ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò? Mo fi okùn wọn ilé náà, ilẹ̀ àti ògiri: páálí igba ó dín mẹ́rin. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rántí rẹ̀ nídìí oúnjẹ, mo máa ń ti abọ́ sẹ́yìn.

4. Okùn, tapólì tí a fi ń bo ẹrù, jáàkì méjèèjì àti 100,000, ti awakọ̀ mi àgbà tí wọ́n ń pè ní Rọra. Ọdún mẹ́fà ni àwọn oníbàárà fi ń bú u pé ó ń fọ́ ẹrù, ọkùnrin tó máa ń dúró kí ewúrẹ́ lè sọdá.

5. Ajá gáréèjì, kí ọmọ mi máa bọ́ ọ. Kò gbó mọ́ àbúrò mi rí, nítorí ó ń fún un ní eegun. Ajá ni, mo dárí jì í.

6. Nínú páálí igba ó dín mẹ́rin, mo ti san mọ́kàndínláàádọ́fà padà. Ó ku mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Kí wọ́n san mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ogún: 332,000. Lẹ́yìn èyí, lẹ́yìn yàrá ìyàwó mi àti owó Rọra, yóò ku 611,000. Ìyàwó mi ni ó ni ín.

7. Mẹ́rin tó kù, ti nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni.

Ó wọn pálọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ra ogójì páálí aláwọ̀ ewé, kò ra ẹyọ kan lé. Mẹ́rìndínlógójì ló dé. Ilé iṣẹ́ kò sì ṣe àwọ̀ náà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ ṣì jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ó fi àga bò ó. Mo gbé owó lọ, kò gbà. Mo gbé àwọ̀ mìíràn lọ, ó ní òun kì í lẹ aṣọ. Mo wá sọ fún un pé tirẹ̀ gan-an ṣì wà lódindi, pé mo lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó bi mí pé yàrá wo ni ó wà. N kò lè purọ́. Ó ní, “Baba, ọdún márùndínlógójì ni mo fi nu ìgbẹ́ olóyè àti tálákà. Mi ò ní gbé e wọ pálọ̀ mi.”

Kí àwọn olùmúṣẹ máa wá àwọ̀ náà ní gbogbo ilé ìkẹ́rùsí tí tírélà wa bá dé. Kí wọ́n má fi owó lọ̀ ọ́ mọ́.

Mo fi ọwọ́ ara mi tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018.
Kò-Gbọdọ̀-Dín.

Àwọn ẹlẹ́rìí: wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí gáréèjì, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò fi ogún fún wọn, n kò sì ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn.

Gbèsè tó kù lọ́rùn mi: páálí mẹ́rin, aláwọ̀ ewé. N kò tíì san án.