Ṣáláńgá Onísímẹ́ńtì Ilé Wa

Agboolé Akínwándé,
Erinje,
Okitipupa.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 1971.

Adétutù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín ní Ilé-Ifẹ̀? Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ìyádùnní ọmọ mi ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, kí Ọlọ́run jẹ́ kó rìn dàgbà. Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò sì gbádùn. Má bínú pé mi ò tètè fèsì lẹ́tà rẹ. Inú ló ń bí mi, mi ò sì lè kọ ọ́ pé àlàáfíà la wà nígbà tí kì í ṣe àlàáfíà.

O ti gbọ́ pé Yèyé, ìyá ọkọ mi, kú. Rufus onímọ́tò ní òun ti sọ fún ọ, ẹ sì ṣeun tí ẹ kí wa. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún ọ nínú ilé yìí, torí ojú ń tì wọ́n. Kò tilẹ̀ tì wọ́n tó. Èmi ni màá sọ ọ́.

Láti ìgbà tí àrùn onígbáméjì ti wọ̀lú ni ìjọba ò ti jẹ́ ká sinmi. Mọ́tò tó gbé gbohùngbohùn sórí ń kiri láti Ìkọ̀yà dé Àyèká: ẹ se omi kẹ́ ẹ tó mu ún, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, ẹ yé yàgbẹ́ sí etí odò. Ọ̀gbẹ́ni Mákánjúọlá, wolé-wolé tó ń mójú tó apá ọ̀dọ̀ wa, ní agboolé tí kò bá ní ṣáláńgá kí oṣù tó parí, baálé ibẹ̀ máa dé kóòtù. Ìyẹn ló ká Bàbá Benedict lára. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, àkọ́bí Yèyé, òun ni baálé ilé wa, òun náà ni alàgbà nínú ìjọ aláàdúrà tí gbogbo wa ń lọ.

Adétutù, ọkùnrin yìí kọ́ ṣáláńgá! Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe o. Ó fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú lóde, ó fi páànù bò ó, ó fi ẹfun kùn ún, ó tún gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ sára ògiri. Ta ló fẹ́ máa ka kàlẹ́ńdà níbẹ̀, jọ̀ọ́? Wolé-wolé yìn ín títí, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Okitipupa wá wò ó, wọ́n ya fọ́tò. Bàbá Benedict gbé agbádá wọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá bí ọkọ ìyàwó. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan bàjẹ́. Ó ra àgádágodo, ó fi ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní èrò ilé wa ti pọ̀ jù, pé a máa bà á jẹ́, àti pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wò ó.

Kí la wá ń lò? Igbó àtijọ́ náà ni, lẹ́bàá odò, lókè ibi tí a ti ń pọnmi, tí a sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú. Èyí tó kó mi nírìíra jù ni pé Bàbá Benedict fúnra rẹ̀, pẹ̀lú pákò lẹ́nu, igbó yẹn náà ló ń gbà lọ láràárọ̀. Ṣíọ̀! Mo bá Bàbá Olúsọjí, ọkọ mi, sọ ọ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀, pé a kì í bá àgbà jiyàn.

Yèyé nìkan ló ń ṣe bí wolé-wolé ṣe wí. O mọ Yèyé, ìwọ tó máa ń pè ní ìyàwó òun kékeré. Ó gba abẹ́rẹ́, apá rẹ̀ wú, ó ń fi hàn kiri bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ìkòkò ọ̀tọ̀ ló fi ń se omi mímu rẹ̀, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yèyé ń se ọbẹ̀ omi. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ lòun náà ń jẹ, omi odò yẹn la sì fi ń fọ abọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan ni ìgbẹ́ gbuuru mú un. Mi ò ní bò ó fún ọ: omi lásán ni, ó rí bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ó sì tún ń bì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó ní, “Morádéyọ̀, bá mi sọ fún Lawrence kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.” Òun ló bí Bàbá Benedict, òun ló lè pè é lórúkọ. Mo sáré lọ. Bàbá Benedict ń mu ẹ̀kọ. Ó ní ṣé kò sí póò nílé ni, pé ọ̀la ni ọ̀gá Ìbàdàn ń bọ̀, kí Yèyé ní sùúrù di ọ̀túnla. Ẹ gbà mí! Ta ló ń sọ fún ìgbẹ́ gbuuru pé kó ní sùúrù? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Yèyé ni o, Bàbá, kì í ṣe èmi.” Ó ní òun gbọ́. Ó sì ń bá ẹ̀kọ rẹ̀ lọ.

Mo fa Yèyé lọ́wọ́ wọ igbó. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi dúró, wọ́n ń wò wá. Yèyé, tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ wẹ̀ lásán, á kọ́kọ́ lé àwọn ọmọdé kúrò lẹ́yìnkùlé, ó fa gèlè rẹ̀ bojú, ó ń wí pé, “Ẹ má wò mí o, ẹ má wò mí.” Ohùn yẹn ò kúrò létí mi. A padà délé, a tún ní láti lọ, ó sì ṣubú lójú ọ̀nà. Mo lọ gbé àáké láti fọ́ àgádágodo yẹn, Bàbá Olúsọjí gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá ni. Ó sáré lọ wá mọ́tò.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ò fi nǹkan falẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ń pè é ní Màmá, wọ́n ń nù ún. Kò pẹ́ tí oòrùn wọ̀ tó fi dákẹ́. Wọ́n sin ín kíákíá, kò sí àìsùn, nítorí àrùn náà. Janet, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, àti ọmọ rẹ̀ náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n a tètè gbé wọn lọ, wọ́n yè é. Ọ̀gá Ìbàdàn ò sì wá.

Tẹ́tí sí èyí o. A ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ọjọ́ kẹjọ, àlejò wá láti Èkó. Mo jáde nílé ìdáná, kí ni mo rí? Ilẹ̀kùn ṣáláńgá ṣí sílẹ̀! Ọṣẹ tuntun wà níbẹ̀, omi nínú bàsíà, ìwé ìròyìn tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́, Bàbá Benedict sì ń mú ọkùnrin oníkùn ńlá kan lọ síbẹ̀, ó ń wí pé, “Ẹ rọra o, sà.” Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà nílé, orí ìyá tó bí i lọ́mọ ló wọ́ lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wòlíì ìjọ wa ti dìde, ó ní ká dúpẹ́ fún ọmọ tó tọ́jú ìyá rẹ̀, tó fi ìmọ́tótó ṣe ogún fún ilé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbé agbada ìrẹsì sílẹ̀. Mo ní, “Yèyé ò wọ ibẹ̀ rí. Ó ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, kò ṣí i fún un. Ẹ bi í.” Bàbá Benedict wo ilẹ̀. Nígbà tí àlejò tán, ó fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó tún tì í pa.

Ẹbí ti pàdé báyìí. Èmi ni wọ́n ní mo ba ilé jẹ́. Wọ́n ní ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí n kúnlẹ̀ bẹ Bàbá Benedict lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá Olúsọjí ń fi ojoojúmọ́ bẹ̀ mí pé kí n ṣe é kí ilé lè tòrò.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi kí Eunice àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù yín. Olúsọjí ní kí n kí ọ. Jọ̀ọ́, máa se omi tí Ìyádùnní ń mu, má jẹ́ kó sú ọ. Tí wọ́n bá sọ fún ọ pé Morádéyọ̀ ya olóríkunkun, gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kúnlẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ fún un lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí Yèyé ṣì wà láàyè.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,

Morádéyọ̀