Ìbò ìkọ̀kọ̀ Bàbá Rúfù

Gbégamey, ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Odidi wákàtí kan ni Bàbá Rúfù, alága ẹgbẹ́ ọmọ Kétu wa, fi ń ṣàlàyé òmìnira fún wa lónìí: olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fipá mú un. Itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá pín ìwé tí a ó fi yan alága tuntun. Òun náà ń dupò. Ó ní kí kálukú kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn ìwé.

Ìyá Ṣèyí ní: “Bàbá, ṣebí ìbò ìkọ̀kọ̀ lẹ pè é?”

“Ìkọ̀kọ̀ ni, ọmọ mi. Èmi nìkan ni mo máa rí i.”

Àgbàyà! Ojú ò tì í.

Mo ti ń pòṣé látìgbà tí mo ti délé. Àmọ́ mo kọ orúkọ tèmi gàdàgbà, kó má baà ṣì í kà. Òun náà ni mo sì dìbò fún.