Kì Í Ṣe Ìwọ Ni Bàbá Àkàngbé Ń Bá Wí

Ọmọ mi Fẹ́yìsayọ̀,

Báwo ni ní Ìpọ̀nrí l'Ékòó, ṣé oyún inú rẹ ń ṣe jẹ́jẹ́? Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àwa wà dáadáa, àní ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, nítorí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Bàbá Àkàngbé ni mi ò ti dá omi pọn mọ́, àwọn ni wọ́n ń pọn ọ́n, wọ́n tún ń bá mi bó ẹ̀gẹ́, lọ́jọ́ orí mi yìí! Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ, Fẹ́yìsayọ̀, inú ń bí mi gidi gan-an.

Àmínát ọ̀rẹ́ rẹ ló jíṣẹ́ rẹ pé tí o bá bímọ, èmi nìkan ni kí n wá síbi ìkómọ, kí n fi ọkọ mi sílé, torí pé wọ́n lé ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ta ló lé ọ? Òótọ́ ni pé ìwọ wà lórí ìkúnlẹ̀, tí o ń kí wọn, nígbà tí wọ́n pariwo pé kó kúrò níwájú àwọn, o sì dìde fùú, o gbé báàgì, ó di Èkó. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá wí! Ohùn kan wà tí wọ́n ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹlòmíràn kì í gbọ́, ohùn obìnrin ni, ó máa ń bú wọn bí ẹni tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi kí n tó gbà láti fẹ́ wọn. Wọ́n ń lo oògùn tí dókítà fún wọn, ohùn náà rọlẹ̀, kò kàn lọ tán ni, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló wá yàn láti máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyẹn lo wá ń tijú? Nígbà tí a jọ lọ sí Sábó, ṣebí mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń dá rìn, tó ń jà, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fi ìyá rẹ̀ búra, kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yà fún un, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. O ní fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀. Fẹ́yìsayọ̀, mo kàwé dé ìwé mẹ́wàá, ojú mi ò sì fọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo! Ohun funfun kékeré kan ló wà nínú etí rẹ̀, bí eyín ọmọdé, mo sì mọ̀ pé oògùn ni. Ra irú rẹ̀ fún ọkọ mi, kí àwọn náà lè di ọ̀gá.

Kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti èèyàn méjì. Tí o bá fi ti ẹnì kan ránṣẹ́, ẹja ni èmi àti ọkọ mi máa fi rà jẹ, ìwọ á wá ẹni tí yóò wẹ ọmọ fún ọ.

Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé tí ohùn yẹn bá ti dé, àwọn á máa fi ọwọ́ bo etí, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Láàárọ̀ yìí, a jókòó ti ẹ̀gẹ́, ọwọ́ wọn wà létí, wọ́n ń sọ fún ohùn náà pé kó dákẹ́, kó jẹ́ kí àwọn gbádùn ìyàwó àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n bi mí pé ọmọ wa tó wà l'Ékòó ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wú. Ìwọ nìyẹn.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ parí kó tó dìde. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó Bàbá Àkàngbé.