Ohùn Mi Lẹ́nu Àkùkọ

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá 1963. Róòmù.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn sí fíìmù tuntun lónìí. Ìranù pọ́ńbélé. Dókítà kan po oògùn mu, ìkejì rẹ̀ tó burú jáde láti ara rẹ̀, ó ń pa ọmọge kiri. Ọjọ́ méjìlá péré ni wọ́n fi yà á. Páálí ni ògiri ilé ńlá tí dókítà ń gbé — mo rí i tó ń mì nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára ìwé ìpolówó, torí àwọn èèyàn wa ò gbà pé ọmọ Ítálì lè dẹ́rù bani. Corsetti tó darí rẹ̀ ti di ará Lọ́ńdọ̀nù. Àkùkọ, òṣèré tó ṣe dókítà àti ìkejì rẹ̀, náà ti di ará Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ò ní orúkọ kankan níbẹ̀, ayédèrú pàápàá.

Fulvio Serantoni lorúkọ rẹ̀. Àkùkọ ni mo ń pè é, torí ó ní ogbe, kò lè kọ. Ohùn ewúrẹ́ ló ní. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ohùn mi ti ń ti ẹnu rẹ̀ jáde nínú gbogbo fíìmù rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọ lẹ́tà sí i pé ohùn rẹ̀ ò jẹ́ kí àwọn sùn. Ohùn mi!

Ọjọ́rú, 6.

Àkùkọ yọjú sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Kì í wá rárá. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ara òun lòun máa fi sọ̀rọ̀. Mo ní kó rọra o, kí àwọn èèyàn má lọ máa wá ibi tí ewúrẹ́ gbà wọ ilé ìwòran. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ulderico, ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń gbé lẹ́nu mi bí ayálégbé. Ẹ kẹ́rù yín."

Corsetti ní kí àwa méjèèjì dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá yege ló ni dókítà, àti fíìmù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá pàdánù, ta ni màá tún jẹ́ ohùn fún, èmi ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta? Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kórìíra rẹ̀ nítorí ẹ̀rù yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 7.

Ẹyin tútù méjì. Ọ̀fun mọ́. Mò ń fi ohùn dókítà dánra wò nílé ìdáná — Ines ìyàwó mi ní kí n fi ohùn ara mi bá òun sọ̀rọ̀ jàre, òun ò ránṣẹ́ pe dókítà. Mo ní tèmi náà nìyí. Ó ní rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 8.

Àkùkọ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ó kólòlò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, tèmi ló ròkè jù. Ó tún un ṣe. Ibi tí dókítà ti ń bẹ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé kó ti òun mọ́lé kí òun má bàa pa á — ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ń tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dára. Inú bí mi pé ó dára.

Mo ṣe tèmi bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ó dùn létí. Corsetti kàn ń wo bàtà rẹ̀.

Ó wá ní kí wọ́n gbé apá ti ìkejì sí i, kí n gbìyànjú ìyẹn. Ìkejì dúró nínú dígí, ó ń bá dókítà wí: "Èmi ni mò ń ṣiṣẹ́, ìwọ ni wọ́n ń yìn. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ pa." Ojú Àkùkọ ló wà lára ògiri tí fíìmù ń hàn sí. Mo wò ó, mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ yọ ohun tó fi bo etí.

Corsetti ní ó ti parí. Fulvio ló ni dókítà, àti fíìmù mẹ́ta yẹn. Èmi ni mo ni ìkejì, ẹranko inú dígí yẹn.

Àkùkọ ò tiẹ̀ yangàn. Ó sún mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣe yín tó báyìí?" Mo mú kóòtù mi, mo jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 10.

Oúnjẹ ọ̀sán. Ines ní kí n gbé iyọ̀ fún òun. Ọ̀rọ̀ Àkùkọ ni mò ń rò lọ́wọ́. Mo ní kó dìde lọ gbé e fúnra rẹ̀. Ohùn ẹranko yẹn ló jáde, gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bẹ̀ ẹ́ kíá. Mo ní kó má bínú, iṣẹ́ ló ṣì wà lẹ́nu mi, ohùn inú fíìmù ni.

Ó ń fi fọ́ọ̀kì yí pásítà rẹ̀ lọ. "Fíìmù wo? Tìẹ nìyẹn. Òun ni mo ti ń gbọ́ nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí o ti gbé mi níyàwó."

Ó dìde, ó lọ gbé iyọ̀.