Iná Tí Bàbá Mi Kò Tàn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Máníjà ilé àlejò ti kun ilé iná tán. Funfun báláú. Bàbá dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń wò ó. Òun ló tọ́jú iná òkè yẹn nígbà tó ṣì lágbára, kí ọkọ̀ ojú omi má baà forí sọ àpáta, títí wọ́n fi pa á tì. Ní báyìí àwọn àlejò ni yóò máa gùn ún wòran. Máníjà—Ẹlẹ́yín ni mo ń pè é, ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán—ní kí Bàbá wá tan iná náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá ò jẹun. Ayọ̀ ti bọ́ ọ yó.

Ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́. Dókítà ti sọ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo yẹ etíkun wò láàárọ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn. Nínú gbogbo ibi tí ìjàpá òkun yé sí, ó ku ẹyọ kan tí kò tíì pa. Igi mẹ́rin ni mo rì mọ́lẹ̀ yí i ká. Abẹ́ ilé iná gan-an ló bọ́ sí! Ọmọ ìjàpá kì í mọ òkun. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ ló ń forí lé. Bí iná bá wà lókè, ọ̀dọ̀ iná ni wọn yóò gbà, orí ilẹ̀ ni wọn yóò kú sí.

Ta ni yóò sọ fún Bàbá?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ẹlẹ́yín ni mo sọ fún. Ó gbà kí wọ́n sún iná títàn náà síwájú títí ẹyin yóò fi pa. N kò sọ fún Bàbá. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Bàbá ti gbọ́. Ẹlẹ́yín ló sọ fún un, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bàbá pè mí. Ó ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló wá fata sẹ́nu. Ó ní ṣé ọmọ òun ló máa du òun níná tóun fi gbogbo ọjọ́ ayé òun ṣọ́. Mo kúnlẹ̀. Ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Òkun ń ru.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gun ìgbì. Ẹja Gbígbẹ ni mo ń pè é, nítorí ara rẹ̀ kì í gbẹ. Ó ní omi gun òkè lánàá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n lọ wo igi mi. Mo lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Iyanrìn tutù, ṣùgbọ́n òjò náà kúkú rọ̀. A kì í hú u wò—ẹni tó bá yí ẹyin ti pa ọmọ inú rẹ̀. Mo ní omi ò débẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní kó lọ kọ́ àlejò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ta ló ń ṣọ́ ìjàpá nínú àwa méjèèjì?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Bàbá rán ẹ̀gbọ́n mi sí mi pé ká gbé òun lọ sétíkun. A tẹ́ ẹ sórí pátákó ìgbì tó gùn jù, ẹ̀gbọ́n mi di orí mú, èmi di ìdí. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ìgbì gbé mi lọ o." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ létí mi láti ọjọ́ Ẹtì! A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mẹ́rin yẹn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé iyanrìn, ó pẹ́. Ó wá ní, "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wáyé. Èmi ti wáyé tipẹ́."

Mo sunkún. Ó ní kí n nu imú mi. Ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan iná òkè: nu gíláàsì, fa òwú sókè díẹ̀, má kánjú. Ó ní bóyá òun lè gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Kò tíì pa. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, ìbéèrè kan náà ni Bàbá ń bi mí: "Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bàbá kú láàárọ̀ yìí. Ó kọjú sí fèrèsé. N kò lè kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogúnjọ́, Ọjọ́bọ̀

A sin ín lánàá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún gbogbo èrò pé Bàbá yááfì iná rẹ̀ fún ọmọ ìjàpá. Ẹlẹ́yín sunkún—n ò mọ̀ pé ẹnu yẹn máa ń pa dé. Obìnrin àlejò kan dì mọ́ mi, ó ní ẹ̀mí púpọ̀ ni bàbá mi gbà là.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àkókò tó yẹ kí ẹyin pa ti kọjá. Bí àkókò bá kọjá, a gbọ́dọ̀ hú u. Ọwọ́ ni mo fi hú u. Iyanrìn ìsàlẹ̀ rin gbingbin, omi iyọ̀ ni. Ẹyin ti rà. Gbogbo wọn. Ọmọ inú wọn ti pé, ó ku kí wọ́n jáde. Láti ọjọ́ tí òkun ru ni wọ́n ti kú. Òkú ni Bàbá mi ń dúró dè títí òun náà fi kú, èmi ni mo sì ní omi ò débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gòkè bọ̀ láti inú omi, pátákó lábíyá. Mo ti da iyanrìn padà. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti lọ?"

Mo ní wọ́n ti lọ. Ó gbójú sókè wo ilé iná, ó rẹ́rìn-ín, omi wá sójú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo gun òkè lémi nìkan. Mo nu gíláàsì. Mo fa òwú sókè díẹ̀. N kò kánjú. Mo tan iná náà, ó sì mọ́lẹ̀ dé gbogbo etíkun. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tí yóò ṣì lọ́nà.