Ẹ̀rọ Orin Nínú Àpótí Irin

Lálúpọn,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Zubaidah Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le, ṣé ooru Èkó ò mú ọ jù? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gàrí wa ń tà, ewúrẹ́ Humairah àbúrò mi sì ti bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí o gbé wá ní Iléyá ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ mi, o gbọ́n! Ẹ̀rọ tí kò ní wáyà, tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì látojú ọ̀run fún sípíkà, tí sípíkà sì ń kọ àpàlà! Láti ọdún tó kọjá tí rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí orin bá ti ń lọ, ètè wọn a máa mì, inú mi a sì máa dùn.

Àfi bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já. O ní kí n pa ẹ̀rọ, kí n tún tàn án. Mo pa á láti àárọ̀ títí di ìrun àsárì, torí èmi náà, bí mo bá yan gàrí tán, mo gbọ́dọ̀ sinmi dáadáa. Ó tún ń já. O bi mí ibi tí mo gbé e sí, mo ní ibi tó dára ni. Inú àpótí irin tí mo ń kó aṣọ Mẹ́kà mi sí ni, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ, mo tì í pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Ta ni yóò gbé irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ sí gbangba kí adìyẹ máa yàgbẹ́ sí i?

Lánàá, orin já láàárín gbùngbùn. Bàbá rẹ bá lanu, wọ́n kọ ìyókù parí! Wọ́n pè mí ní Ìyá Zubaidah, wọ́n ní ṣé orí mi pé, pé rédíò wo ló ń mú nínú àpótí irin, pé orí igi ọsàn làwọn máa ń gbé tàwọn kọ́ lóko. Wọ́n bú mi tẹ́rùntẹ́rùn. Áà, èébú dùn létí mi!

Mo gbé ẹ̀rọ sójú fèrèsé, orin ń lọ geere, bàbá rẹ sì tún dákẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, torí orin gbọ́dọ̀ máa lọ kó tó lè já. Ọlọ́run yóò fi ọmọ tó gbọ́n bíi rẹ jíǹkí rẹ. Má yọ ara rẹ lẹ́nu láti wá tún un ṣe o. Mo ti dá a padà sínú àpótí irin láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti bàbá rẹ, mò ń retí èébú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùsílímátù.